Nígbà Tí Ẹ̀rọ Mónógíráàmù Kò Gbọ́ Èdè Kọ̀ǹpútà Tuntun

Alhaji tó ni ilé iṣẹ́ mónógíráàmù ní àdúgbò wa ní Joju, ní Ọ̀tà, ló wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, tòun ti agolo bisikíìtì ńlá lábẹ́ abíyá. Mo ti ń múra láti dúpẹ́ lórúkọ àwọn ọmọ mi kó tó ṣí i. Kò sí bisikíìtì kankan níbẹ̀. Dískẹ́ẹ̀tì ló kún inú rẹ̀, àwọn ike pẹlẹbẹ onígun mẹ́rin tí a máa ń kó iṣẹ́ kọ̀ǹpútà pamọ́ sí kí fúláàṣì tó gbòde. Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Ó tò wọ́n sórí tábìlì mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wá wò mí lójú.

"Àǹtí Kọ̀ǹpútà, ṣé o mọ DOS?"

Ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. DOS ni ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń jí láyé ijọ́un, kí àwòrán àti máòsì tó dé: ojú dúdú, lẹ́tà funfun, ohun tí o bá tẹ̀ ni yóò ṣe. Ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kan ní Òṣogbo ni mo ti kọ́ ọ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní girama. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni gbogbo kíláàsì ní, ó sì máa ń ṣàìsàn. Olùkọ́ wa wá ń kọ àwọn àṣẹ náà sára pátákó, àwa náà á máa fi ohùn orin kà wọ́n: DIR, kí o rí ohun tó wà nínú ilé, COPY, kí o ṣe èkejì rẹ̀, DEL, kí o pa á rẹ́. Mo kà wọ́n títí mo fi ń kà wọ́n lójú oorun. Lẹ́yìn náà ni mo lọ́kọ, mo tẹ̀lé e wá sí Ọ̀tà níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ oníke, mo sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Láti ìgbà náà, n kò tún fojú kan DOS mọ́.

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, Alhaji," ni ẹnu mi sọ, kí n tó rí i dá lẹ́kun.

"Alhamdulillahi," ó ní. "Dìde, ká lọ."

Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ẹ̀rọ kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo iyàrá náà tán. Orí mẹ́fà ló ní, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á sì máa rán àwòrán kan náà sára aṣọ mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òun ni wọ́n fi ń ṣe ọnà sí fìlà, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe báàjì àwọn ọmọ ilé ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò mọ àwòrán kankan fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń gba inú wáyà kan tó nípọn bí ìka sọ fún un pé kí abẹ́rẹ́ lọ sọ́tùn-ún, kó lọ sósì, kó dúró kí wọ́n pààrọ̀ òwú. Kọ̀ǹpútà ọ̀hún ló kú. Ó ti gbó débi pé ara rẹ̀ tó jẹ́ funfun nígbà kan ti pọ́n bí pupa inú ẹyin adìyẹ.

"Ó dún bí ẹni ń fi ṣíbí họ ìdí ìkòkò," Alhaji ní, "ó wá dákẹ́."

Mo tú u wò. Dísíìkì inú rẹ̀, níbi tí gbogbo ohun tó mọ̀ wà, ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Àwọn dískẹ́ẹ̀tì inú agolo yẹn nìkan ló kù. Alhaji nawọ́ sí kọ̀ǹpútà tuntun kan lórí tábìlì, tí wọn ò tíì bọ́ ọ̀rá lára rẹ̀.

"Mo ti ra òmíràn. Àwọn tó tà á fún mi ní kò sí ohun tí kò lè ṣe."

"Kò sí lóòótọ́, Alhaji, àfi èyí tí ẹ fẹ́ kó ṣe yìí. Kí ló dé tí ẹ ò kúkú ra ẹ̀rọ mónógíráàmù tuntun?"

"Kí n ta ilé? Kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ yìí. Ara rẹ̀ le ju tèmi lọ."

Obìnrin kan jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà ní gbogbo àkókò yìí, ó káwọ́ gbera. Àbúrò Alhaji ni, ìyá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ọmọ Ọ̀tà gidi tí ohùn Àwórì ṣì ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí inú bá ń dùn sí i. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó dá mi lóhùn, ó sì dákẹ́. Mo rò pé ó kàn wá jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Lẹ́bàá ògiri lẹ́yìn rẹ̀, òkìtì ofaróòlù aláwọ̀ búlúù ga dé àyà mi. Ilé iṣẹ́ tuntun kan lójú ọ̀nà Igbesa ló kó wọn wá pé kí wọ́n fi àmì òun sí àyà aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ òun, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n sì fẹ́ wá kó wọn.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé kọ̀ǹpútà tuntun náà kò ní ẹnu tó lè gba dískẹ́ẹ̀tì. Èkejì, wáyà ẹ̀rọ náà ní ìdí onírin mẹ́sàn-án, kò sì sí ihò kankan lẹ́yìn kọ̀ǹpútà tó bá a mu. Mo tú ìdérí rẹ̀, mo fi iná fóònù wá gbogbo orí bọ́ọ̀dù inú rẹ̀. Ní kọ̀rọ̀ kan nísàlẹ̀, mo rí àwọn irin tín-tìn-tín mélòó kan tó nà sókè, tí wọ́n kọ COM sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Inú mi dùn bí ẹni rí owó he. Àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà yẹn ti fi àyè ihò náà sílẹ̀, wọn ò kàn fà á jáde síta ni.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sí Ṣàngó. Nídìí Toll Gate, ọkùnrin kan wà tó ń ta ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà àlòkù lórí tábìlì. Mo ní mo fẹ́ ihò onírin mẹ́sàn-án tó ní wáyà lẹ́yìn, mo sì fẹ́ ẹnu dískẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kì bọ ojú ihò fúláàṣì.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ fi DOS sínú kọ̀ǹpútà tuntun ni."

Ó wò mí bí ẹni wo obìnrin tó ní òun fẹ́ fi ẹṣin fa bàálù. "Madam," ó ní, "everybody dey go front, na you dey go back." Ṣùgbọ́n ó tú àpò kan dà sílẹ̀, ó sì rí méjèèjì fún mi. Ó ní bó bá ṣiṣẹ́, kí n padà wá sọ fún òun, torí ọ̀rọ̀ náà ò ní kúrò lọ́kàn òun.

Ní ọjọ́ kejì, mo kó gbogbo rẹ̀ dé. Mẹ́ta nínú dískẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án ti bu, mi ò rí ohunkóhun kà nínú wọn. Àwọn mẹ́fà yòókù là. Ètò tó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ wà nínú ọ̀kan, àwọn àwòrán sì wà nínú àwọn tó kù, títí kan àmì ilé iṣẹ́ Igbesa. Ní ti DOS fúnra rẹ̀, àwọn kan wà láyé tí wọn ò jẹ́ kó kú, wọ́n ṣe irú rẹ̀ tuntun, wọ́n sì ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ti fà á sórí fúláàṣì láti ṣọ́ọ̀bù. Kọ̀ǹpútà Alhaji kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ó ní òun ò mọ irú àlejò bẹ́ẹ̀. Mo wọ inú ètò ìjí rẹ̀, mo wá ibi tí wọ́n ti ń gba ètò àtijọ́ láyè, mo ṣí i. Mo tún un tàn.

Ojú rẹ̀ dúdú kirimú. Àmì funfun mẹ́rin péré ló jáde ní igun òkè, àti ìlà kékeré kan tó ń ṣẹ́jú.

C:\>

Mo tẹ DIR. Orúkọ àwọn fáìlì sáré lọ sókè lójú mi. Ayọ̀ kún inú mi, bí ìgbà tí èèyàn pàdé ẹni tí wọ́n jọ lọ sílé ìwé láàárín ọjà. Mo gbọ́ tí ara mi ń fi ohùn orin sọ ọ́: "DIR, kí o rí ohun tó wà nínú ilé." Alhaji pàtẹ́wọ́.

Ayọ̀ yẹn kò pẹ́. Nígbà tí mo pe ètò mónógíráàmù, kò tilẹ̀ ṣí ojú tó fi kú. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ pé òun ti fi òdo pín nǹkan, ó sì dá mi padà sí C:\>. Mo tún pè é, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wádìí rẹ̀ lórí fóònù mi fún bí wákàtí kan kí n tó rí ìdí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ ètò náà, tó bá ti ń jí, ó máa ń ka iye ìgbà tí kọ̀ǹpútà lè yí po láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kó lè mọ bó ṣe yára tó. Kọ̀ǹpútà tuntun yìí yára débi pé ó ti parí kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, òdo ló bá lọ́wọ́.

"Kí ló ṣe é?" Alhaji bi mí.

"Ó yára jù ni, Alhaji."

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rín àbúrò rẹ̀. "Ó yára jù!" ó ní. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́? Ẹ lọ ra eléré ìje fún ìyá arúgbó."

Oògùn rẹ̀ kò le. Ètò kékeré kan wà tí wọ́n fi ń ran irú àìsàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Mo fi kún un, ètò mónógíráàmù sì ṣí, ojú búlúù rẹ̀ tàn, orúkọ àwọn àwòrán tò lẹ́sẹẹsẹ. Mo so wáyà mọ́ ẹ̀rọ. Ìyá, àbúrò Alhaji, dìde, ó fi aṣọ àlòkù sí orí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó fa òwú wọn, gbogbo rẹ̀ láìwò ó. Mo yan àmì ilé ìwé kan, mo tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀rọ náà gbọ̀n rìrì. Abẹ́rẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sá lọ sápá òsì, wọ́n padà, wọ́n gún ojú kan náà lágúntúngún, wọ́n tún sá lọ sọ́wọ́ ọ̀tún bí ẹni tí kòkòrò ń lé. Òwú já ní orí kẹta. Abẹ́rẹ́ orí karùn-ún dá sí méjì.

"Subhanallah!" Alhaji kígbe. Ìyá ti pa á kí n tó rántí ibi tí wọ́n ti ń pa á.

Ohun tó wà lórí aṣọ náà dà bí irun ọmọ tí kò tíì rí òòyà. Mo mọ ohun tó fà á. Kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ní láti fẹnu kò lórí bí wọ́n á ṣe máa bára wọn sọ̀rọ̀: bí ọ̀rọ̀ á ṣe yára tó, bí wọ́n á ṣe gé e, àmì wo ni wọ́n á fi mọ̀ pé ó pé. Bí ọ̀kan bá ń sáré sọ̀rọ̀ tí èkejì sì ń rọra gbọ́, ìsọkúsọ ni gbogbo rẹ̀ máa jẹ́. Inú dísíìkì tó kú yẹn ni àdéhùn náà wà, kò sí nínú dískẹ́ẹ̀tì kankan. Mo bi Alhaji bóyá ìwé kan wà tó bá ẹ̀rọ náà wá. Ó ní ìwé wà, omi òjò ló bà á jẹ́ lọ́dún tí òrùlé jò. Mo bi í bóyá ó rántí nọ́ńbà kankan. Ó ní rárá.

Mo wá ń méfò. Gbogbo ìyókù ọjọ́ yẹn àti àárọ̀ ọjọ́ kẹta ni mo fi ń pààrọ̀ nọ́ńbà. Mo fi eléyìí, ẹ̀rọ ò mira rárá; mo fi tọ̀hún, ó jó ijó tirẹ̀. Ìyá á pa á, á yọ aṣọ, á fi òmíràn sí i, kò ráhùn. Àwọn aṣọ tí mo bà jẹ́ ń ga sí i lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro bí mo ṣe máa sọ fún Alhaji pé DOS tí mo mọ̀ kò dé ibí yìí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ kò ní epo, Alhaji sì fi kẹ́ẹ̀gì rán ẹnìkan. Ìyá ṣí abọ́ àkàrà àti ẹ̀kọ, ó tì í sí iwájú mi.

"Jẹun, ọmọ mi. Ó ti rẹ̀ ẹ́." Ó jẹ́ kí n gé àkàrà kan sẹ́nu. "Ìlà yẹn ni kò jáde."

"Ìlà wo, Ìyá?"

"Ìlà tó máa ń jáde láàárọ̀, bí ti àtijọ́ bá ń jí. Mo máa ń dúró dè é. Bí kò bá tíì jáde, mi ò ní ṣí aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ọjọ́ tí kò bá jáde, ẹ̀rọ kì í gbọ́ràn, àfi ká pa kọ̀ǹpútà ká tún un tàn."

Àkàrà náà dúró sí mi lẹ́nu. "Ìyá, ṣé ẹ rántí bó ṣe rí?"

"Kí ló dé tí mi ò ní rántí?" Ó mú ègé aṣọ dúdú kan, ó tẹ́ ẹ sórí itan rẹ̀, ó mú ṣọ́ọ̀kì aránṣọ. Ó fara balẹ̀ kọ ọ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tóbi bí ti ọmọ kíláàsì kejì, nítorí kíláàsì kejì ni ilé ìwé rẹ̀ mọ. Bó ṣe ń kọ ọ́ ló ń pè é lábẹ́ ohùn. Nígbà tó gbé aṣọ náà sókè, ohun tí mo rí nìyí:

COM1: 4800,e,7,1,-

Mo wò ó títí. Ìlà kékeré tó gbẹ̀yìn yẹn ló mú orí mi wú. "Kí lèyí, Ìyá?"

"Mi ò mọ̀. Ibẹ̀ ló máa ń wà."

DOS fúnra rẹ̀ ló máa ń fi ìlà kékeré yẹn síbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń méfò tó lè méfò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Obìnrin yìí ti ń ka àdéhùn náà láràárọ̀ láti ọdún tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ náà wọlé, ó sì ti há a sórí láìmọ ìtumọ̀ ẹyọ kan nínú rẹ̀.

"Nílé kéwú, ṣebí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe?" ó ní, nígbà tó rí ojú mi. "Àá kọ́kọ́ há a. Ìtumọ̀ máa ń bọ̀ lẹ́yìn."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ fún mi láti ọjọ́ Ajé?"

"O ò bi mí. Alhaji lò ń bi. Alhaji ò sì tàn án rí."

Mo yíjú sí Alhaji tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Òótọ́ ló sọ," ó ní. "Èmi kàn ń ra òwú ni."

Ojú tì mí, ẹ̀rín sì ń pa mí lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti jókòó ti ẹni tó mọ̀ ọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta, mo ń bi ògiri. Mo dọ̀bálẹ̀ ìdajì bí ọkùnrin láti tọrọ àforíjì, òun náà sì bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n dìde kí n jẹun, kí àkàrà má tutù.

Epo dé, jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo tẹ àwọn nọ́ńbà náà bó ṣe kọ wọ́n. Alhaji ní ká kọ́kọ́ dán àmì ilé iṣẹ́ Igbesa wò, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ kọ̀.

"Ẹyẹ mi ni ká fi dán an wò," ó ní. "Bí yóò bà á jẹ́, kó ba tèmi jẹ́."

Nínú dískẹ́ẹ̀tì kan, ẹyẹ kan wà tí Ìyá fúnra rẹ̀ yà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà. Mo yàn án, mo tẹ̀ ẹ́, mo sì di ojú. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀rọ náà. Kò gbọ̀n mọ́. Ó ń dún tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù láìsí ìjì. Nígbà tí mo lajú, ẹyẹ mẹ́fà ti ń yọ lórí aṣọ mẹ́fà, wọ́n ní ìyẹ́, wọ́n ní ìrù, àgógó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì wọ́.

"Àgógó rẹ̀ ti wọ́, Ìyá," ni mo ní, ẹ̀rù tún bà mí.

"Bó ṣe wà nìyẹn. Mi ò mọ̀ ọ́n yà nígbà náà."

A parí àwọn ofaróòlù náà kí àwọn ará Igbesa tó dé, ọkọ̀ wọn sì kó gbogbo rẹ̀ lọ láìku ọ̀kan. Mo padà sí Ṣàngó lọ sọ fún ọkùnrin Toll Gate yẹn pé ó ṣiṣẹ́. Ó ní irọ́ ni. Mo fi àwòrán ẹyẹ náà hàn án lórí fóònù mi, ó wò ó, ó ní kí ló ṣe àgógó rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi fúnra rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ mọ ìtumọ̀ ìlà náà báyìí. Mo sọ fún un pé COM1 ni orúkọ ihò náà. Pé 4800 ni bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yára tó. Pé "e" yẹn dúró fún kíkà kí iye máa pé ní méjì-méjì, kí ẹ̀rọ lè mọ̀ pé kò sí ohun tó já sọ́nà. Ó gbọ́ ọ dé ìparí.

"Àṣé kíkà ló ń kà á wò," ó ní. "Mo rò pé ó kàn ń kí mi ni." Ó tún bi mí: "Ṣé a lè jẹ́ kó máa kí mi lóòótọ́?"

Ìyẹn rọrùn. Mo bá a lọ, mo ṣí fáìlì tí DOS máa ń kà bó bá ń jí, mo fi ìlà kan kún un, mo tún kọ̀ǹpútà náà tàn. Ó jáde gàdàgbà: E KAARO MA.

Ìyá tẹ̀ síwájú, ó kà á. "Ékárómà? Ta ló ń jẹ́ Ékárómà?"

"Ẹ káàárọ̀ mà ni, Ìyá. DOS ò mọ àmì ohùn, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan sábẹ́ lẹ́tà."

"Kò gbọ́ Yorùbá, ó sì ń kí àgbà." Ó ṣe ṣìọ̀ sí i. "Pa á rẹ́. Fi BISMILLAHI síbẹ̀. Ìyẹn ò nílò àmì."

Mo fi í síbẹ̀. Mo tún kọ́ ọ bí òun fúnra rẹ̀ á ṣe máa ṣí fáìlì náà, nítorí ó ní òun ò fẹ́ máa rán èèyàn níṣẹ́ sí mi nítorí ìkíni. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni Alhaji pè mí lórí fóònù, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Àǹtí Kọ̀ǹpútà, wá wo nǹkan. Mo wọlé báyìí, kọ̀ǹpútà ní EGBON, E BO BATA. Kò fi àmì sí i, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó ń bá mi wí."

"Ṣé ẹ bọ́ bàtà, Alhaji?"

"Mo ti bọ́ ọ," ó ní. "Kí ni ǹ bá ṣe?"